"Fojú Sọ́bẹ̀": Kí Ni Wọ́n Ń Pè Ní "Literal" Gan-an?

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lọ́mọ ọdún méje, ìyá rẹ̀ gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ kaná nílé wọn ní Mọ́kọ́lá. Iyọ̀ tán, ó sì fẹ́ sáré rà á ní ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé. Ó kígbe láti ẹnu ọ̀nà pé, "Bá mi fojú sọ́bẹ̀ yẹn o!" Ọmọ gbé àpótí, ó jókòó ti sítóòfù, ó tẹjú mọ́ ìkòkò. Ìyá ẹ̀ rí ojúlùmọ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n kí ara wọn díẹ̀. Kó tó padà wọlé, èéfín ti gba kíṣìnnì, ìdí ìkòkò ti dúdú bí èédú.

"Ṣebí mo ní kó o fojú sọ́bẹ̀?"

"Mo fojú sí i, Mọ́mì. Mi ò gbójú kúrò lára ẹ̀ títí tó fi jóná."

A ti fi ọ̀rọ̀ yẹn dápàárá títí nínú ẹbí wa. Ọmọ náà ti wà ní SS2 báyìí, òun náà ló sì gbé ìbéèrè kan wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó ṣí ìwé mẹ́ta sílẹ̀ níwájú mi. Nínú ti lítíréṣọ̀, tíṣà kọ ọ́ pé "literal" ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bó ṣe wà, láìsí àfiwé nínú ẹ̀. Nínú ti kọ̀ǹpútà, wọ́n ní 5 jẹ́ "literal". Nínú ti ìṣirò, wọ́n ní x ni "literal", pé 5 kọ́.

"Àǹtí, ta ló ń parọ́ nínú wọn?"

Kò sẹ́ni tó ń parọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì gbé lé nǹkan bíi mẹ́fà lórí. Láti inú èdè Látìnì ló ti wá, níbi tí littera ti jẹ́ lẹ́tà, irú èyí tí a fi ń kọ̀wé. "Literal" nígbà náà ni "ti lẹ́tà", "bí lẹ́tà ṣe wí". Látibẹ̀ ni onímọ̀ èdè ti mú un lọ sílé tiẹ̀, tí amòfin mú un lọ sí kóòtù, tí onísìn, oníṣirò àti oníkọ̀ǹpútà náà gba tiwọn. Àwa ò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kó gbogbo ẹ̀ pọ̀. A máa ń sọ pé ìtumọ̀ ṣákálá, tàbí ìtumọ̀ oréfèé, tàbí ká kàn ní "bó ṣe wà níbẹ̀". Mi ò rò pé àdánù ni. Ó gbà wá lọ́wọ́ ìdàrúdàpọ̀ díẹ̀.

Ọgbọ́n tí mo fi là á yé e ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í dá gbélé. Ó máa ń ní orogún. Níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ wá orogún ẹ̀ kàn, ẹ ó mọ irú èyí tí wọ́n ń sọ.

Nínú èdè, àfiwé àti àkànlò èdè ni orogún. Bí wọ́n bá ní ọba wàjà, kò sẹ́ni tó ń gbé àkàbà lọ sí ààfin láti lọ gbé e sọ̀ kalẹ̀ látinú àjà. Ẹni tó jẹ gbèsè ò fi eyín kan nǹkan kan. Èyí rọrùn, ọmọ JSS1 mọ̀ ọ́n. Ibi tó ti le ni ibi tí àfiwé ti pẹ́ débi pé ó ti gbàgbé pé àfiwé lòun. Ẹnu ọ̀nà, etí odò, ẹsẹ̀ tábìlì, ojú ọjọ́: ta ló ń rántí ẹnu, etí, ẹsẹ̀ àti ojú tó wà níbẹ̀? Ẹ gbé "pa" yẹ̀ wò. À ń pa ẹran, à ń pa iná, à ń pa irọ́, à ń pa àlọ́, à ń pa òwe, ẹni tí ọjà bá sì tà fún á pa owó. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ti ẹran nìkan ni ìtumọ̀ ṣákálá, pé àwọn tó kù kàn yá a lò ni, ẹ ní kó ṣàlàyé bí ọmọ ọdún mẹ́ta ṣe mọ "pa iná" kó tó rí i kí wọ́n pa adìyẹ.

Lójú tèmi, ohun tó yẹ ká wò ni ọ̀nà tí olùgbọ́ gbà dé ibi ìtumọ̀. Bó bá ní láti kọ́kọ́ kí ìtumọ̀ àkọ́kọ́ kó tó rí èkejì, àfiwé ṣì wà láàyè níbẹ̀. Bó bá gba ọ̀nà tààrà dé èkejì, èkejì ti di ṣákálá nìyẹn, ohun yòówù kí ìtàn ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ ṣákálá kì í fi í ṣe nǹkan kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn máa ń pa méjèèjì pọ̀. Wọ́n ní ẹ̀bá ọ̀dàn ló di Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn láti Èkó ò wá ọ̀dàn kankan. Kọndọ́kítọ̀ tó ń pe "Tóògéètì! Tóògéètì!" ò parọ́ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti gbowó géètì níbẹ̀ kẹ́yìn. Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n kọ́ parí ní 1965, kọnkéré ni. Owó kòkó ló kọ́ ọ. Ọmọ yìí kan náà ti bi mí rí bóyá ó máa ń yọ́ tí òòrùn bá mú.

Oríkì ìlú wa náà ń kọ́? "Níbi olè gbé ń jàre olóhun." Mo ti rí àlejò tó gbọ́ ọ tó rọra fi ọwọ́ tẹ àpò rẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ ayé ogun ni, nígbà tó jẹ́ pé agbára ló ń pín nǹkan. Ọmọ Ìbàdàn tó ń fi í yangàn lónìí kò ní kẹ́ ẹ jalè o.

Àwọn baba wa tún ní irú kan tó dà bíi pé ó bọ́ sáàárín méjèèjì. Bí wọ́n bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ séèyàn ní àrokò, owó kọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ̀fà ni. Ẹni tó gbà á á gbọ́ "fà" nínú ẹ̀: ọkàn mi fà sí ọ. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, á gbọ́ "jọ". Kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ìró ọ̀rọ̀ gan-an ni wọ́n ń kà, bí ẹni ń ka lẹ́tà.

Kí n má gbàgbé àwọn ọ̀dọ́ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn "literally" kú nígbà tí ẹ̀rín pa wọ́n. Inú máa ń bí àwọn tíṣà sí i, ṣùgbọ́n àwọn ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá ti gba ìlò yẹn wọlé, pé ó kàn ń fi agbára kún ọ̀rọ̀ ni. Àwa náà ṣe é. "Gidi" ni ohun tó jẹ́ òtítọ́, tí kì í ṣe ayédèrú. Lónìí, "ebi ń pa mí gidi" kò ju "ebi ń pa mí gan-an" lọ. Òtítọ́ ti di àfikún agbára, ayé ò sì bàjẹ́.

Ibi tí lẹ́tà fúnra ẹ̀ ti ṣe pàtàkì jù ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé. Ìlú ìwé ni Ìbàdàn. Ẹ rìn yíká Jẹ́ríkò, ẹ ó rí pátákó àwọn ilé iṣẹ́ ìwé, ẹ gba Mọ́kọ́lá kọjá, ẹ ó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó ń tẹ káàdì àti pósítà. Àwọn atẹ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń pe àṣìṣe lẹ́tà kan nínú ìwé ní "literal". Àṣìṣe ni ìtumọ̀ ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, orogún ẹ̀ sì ni ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Nígbà ìgbéyàwó àbúrò mi, ilé ìtẹ̀wé kan tí mi ò ní dárúkọ tẹ káàdì igba fún wa. Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ "ọkọ ìyàwó" sí, wọ́n fi àmì ìsàlẹ̀ kan sórí ọ̀ kejì: "ọkọ̀ ìyàwó". Báyìí ni àbúrò mi ọkùnrin ṣe di mọ́tò ìyàwó ẹ̀ níwájú àna. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń bi í títí di alẹ́ bóyá ó ti ra epo.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n rí i pé "bí lẹ́tà ṣe wí" ò tó nínú Yorùbá. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ọ̀kọ̀: ẹ yọ àmì kúrò, lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà ńbẹ̀, mọ́tò wà ńbẹ̀, irin oko wà ńbẹ̀, ohun ìjà wà ńbẹ̀. Ẹni tó fi fóònù kọ "Oko mi ti de" láìsí àmì ti fún wa ní lẹ́tà, kò tíì fún wa ní ọ̀rọ̀.

Nínú ìtumọ̀ láti èdè kan sí èkejì, èrò inú ọ̀rọ̀ ni orogún. Jerome, tó tú Bíbélì sí Látìnì, ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan pé èrò lòun ń tú, òun kì í tú u ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, àyàfi Ìwé Mímọ́, níbi tí ètò àwọn ọ̀rọ̀ pàápàá ti jẹ́ àṣírí. Ó sì yẹ kó ṣọ́ra. Níbi tí èdè Hébérù bá fẹ́ sọ pé Ọlọ́run kì í tètè bínú, "ẹni tí imú ẹ̀ gùn" ni àwọn ọ̀rọ̀ náà wí, nítorí imú ni wọ́n gbé ìbínú sí. Inú ni àwa gbé tiwa sí. Ẹni tó bá tú imú yẹn bó ṣe wà fún ìjọ kan ní Òkè-Àdó, ẹ̀rín ni wọn ó rín. Ẹni tó kọ onípamọ́ra ti fi imú sílẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ délé.

Kóòtù ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń di ìjà. Níbẹ̀, orogún "bó ṣe wà" ni ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ṣòfin. Àwọn amòfin ní ìlànà kan tó ní kí adájọ́ fún ọ̀rọ̀ inú òfin ní ìtumọ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí, kódà bí ibi tó máa já sí bá rí ṣàkàṣàkà. Ní 1868 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan lọ fi orúkọ òkú dìbò. Ẹjọ́ Whiteley àti Chappell ni wọ́n ń pè é. Òfin ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn pe ara ẹ̀ ní ẹlòmíràn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Àwọn adájọ́ ní òkú ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Nítorí náà, ẹni tó pe ara ẹ̀ ní òkú ò tíì rú òfin yẹn. Wọ́n dá a sílẹ̀. Ìlànà mìíràn wà tó gba adájọ́ láyè láti tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀ bí ìtumọ̀ ṣákálá bá fẹ́ di ìranù, òmíràn sì wà láti 1584 tó ní kí wọ́n bèèrè ìwà ibi tí òfin náà wá wò sàn. Ọmọ ọlọ́bẹ̀ wa, ìlànà àkọ́kọ́ ló lò.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń lọ sí ìlú òyìnbó ṣe? Èyí tó tóbi jù ṣẹlẹ̀ níbí, ọmọ Ìbàdàn ló sì wà nídìí ẹ̀. Lọ́dún 1979, òfin ìdìbò ní ẹni tó máa di ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì tún ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 la ní nígbà yẹn. Shehu Shagari ló ní ìbò tó pọ̀ jù, ó sì rí ìdá kan nínú mẹ́rin náà ní ìpínlẹ̀ 12. Ní ìkẹtàlá, ìyẹn Kano, 243,423 ló rí nínú ìbò 1,220,763. Kò tó ìdá kan nínú márùn-ún pàápàá.

Olóyè Richard Akínjídé, ọmọ Ìbàdàn, tó jẹ́ amòfin NPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Shagari, gbé ìṣirò jáde. Ó ní kí wọ́n pín 19 sí mẹ́ta, kí wọ́n mú ìdá méjì. Kì í ṣe 13. Méjìlá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ni. Ó túmọ̀ sí pé Kano kì í ṣe odindi nínú ìṣirò yẹn, ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀ la nílò. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò Kano jẹ́ 813,842. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn kò ju nǹkan bíi 203,460 lọ. Shagari ti kọjá ibẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó bá Shagari du ipò náà, ní rárá, pé ìpínlẹ̀ ò ṣeé gé bí iṣu. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ, tí Adájọ́ Àgbà Fatayi-Williams ṣolórí ẹ̀, dá ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ nù. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ nìkan ló yapa pátápátá sí ìdájọ́ náà.

Ohun tó máa ń dùn mọ́ mi nínú ẹjọ́ yìí ni pé kò sí ẹni tó gbà pé òun ń lọ́ òfin. Ìhà méjèèjì ló ní òun ń kà á bó ṣe wà. Ọ̀kan gbá nọ́ńbà mú, pé ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 ò lè jẹ́ nǹkan mìíràn láéláé. Èkejì gbá "ìpínlẹ̀" mú, pé odindi ni ìpínlẹ̀. Lẹ́tà kan náà, ìtumọ̀ ṣákálá méjì. Èmi ò kàwé òfin, ṣùgbọ́n "ọ̀kọ̀ọ̀kan" yẹn ni mo máa ń fojú sí: mi ò rí ẹni tó ka ààbọ̀ ọsàn mọ́ ọsàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan rí. Ẹ má sọ pé mo wí o. Ẹ dárúkọ "méjìlá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta" níbi tí àwọn bàbá bá ti ń ta ayò nílùú yìí, ayò á dúró, ohùn á sì ga.

Ìpínlẹ̀ ti di 36 báyìí, ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀ sì jẹ́ 24 géérégé. Ẹ ó rò pé ìjà ti parí. Lọ́dún 2023, ó kó sórí ọ̀rọ̀ kékeré mìíràn nínú irú òfin bẹ́ẹ̀ tó wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999: "àti". Òfin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀ àti Abuja. Ṣé "àti" yẹn ní ẹni tó bá máa wọlé gbọ́dọ̀ rí ìdá kan nínú mẹ́rin ní Abuja lọ́tọ̀ ni, àbí ó kàn ka Abuja mọ́ àwọn ìpínlẹ̀? Ilé ẹjọ́ ní ó kà á mọ́ wọn ni. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí; òfin ò tiẹ̀ gbà pé ọmọlúàbí ni wá, odindi ló máa ń gbìyànjú láti sọ, síbẹ̀ kì í tó.

Nínú ẹ̀sìn, ìtumọ̀ ìjìnlẹ̀ ni orogún, àwọn èèyàn sì rò pé wọ́n mọ èyí dáadáa. "Bí ojú ọ̀tún rẹ bá mú ọ kọsẹ̀, yọ ọ́ jáde": kò sí ìjọ tí mo mọ̀ tí àwọn ọmọ ìjọ ti yọ ojú ara wọn jáde. Ohun tó máa yà yín lẹ́nu ni ti Thomas Aquinas, onímọ̀ ẹ̀sìn Kristẹni tó kú ní 1274. Ó ní nígbà tí Ìwé Mímọ́ bá dárúkọ apá Ọlọ́run, ìtumọ̀ "literal" ẹ̀ kì í ṣe pé Ọlọ́run ní apá. Agbára Ọlọ́run ni ìtumọ̀ náà. Lọ́dọ̀ tiẹ̀, ohun tí ẹni tó sọ̀rọ̀ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ sọ ni "literal", kódà bó bá fi àfiwé sọ ọ́. Èyí dojú ohun tí tíṣà lítíréṣọ̀ kọ dé pátápátá, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni. Nínú Ìsìláàmù, ẹ̀kọ́ kan wà tí Dawud al-Zahiri, tó kú ní 884, dá sílẹ̀. Zahir lédè Lárúbáwá ni ohun tó hàn síta, ó sún mọ́ oréfèé tiwa. Wọn ò gbà kí adájọ́ mú òfin ọ̀ràn kan, kó fi ìfiwéra nà án dé orí ọ̀ràn tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ gangan. Ọ̀nà Imam Malik ni àwọn àáfáà wa níhìn-ín ń tọ̀, òun sì gba irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ láyè.

Mo wá mú ìwé kọ̀ǹpútà. Mo ṣí láptọ́ọ̀pù, mo ní kí ọmọ náà tẹ ìlà mẹ́ta yìí ní Python, èdè kan tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà:

oruko = "Àjàní"
print(oruko)
print("oruko")

Kọ̀ǹpútà kọ Àjàní jáde, ó sì kọ oruko tẹ̀ lé e. Ó wò mí. Mo ní, "Ìwọ nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún méje nìyẹn. Bí mo bá ní 'Sọ orúkọ ẹ', tó o wá dáhùn pé 'orúkọ ẹ', bí ìlà kẹta ṣe ṣe nìyẹn." Ohun tó wà nínú àmì àyọlò, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà máa gbé e, kò ní wo ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Èyí tí kò sí nínú àmì, orúkọ àpótí ni; ìlà àkọ́kọ́ ló fi Àjàní sínú àpótí tó ń jẹ́ oruko. Kọ̀ǹpútà á lọ ṣí àpótí náà, á mú ohun tó bá bá níbẹ̀ wá. Níbi iṣẹ́ yìí, ohun tí èèyàn kọ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, irú bíi 5 tàbí "Àjàní", ni wọ́n ń pè ní "literal". Orogún ẹ̀ ni orúkọ tó dúró fún nǹkan. Mo ní kó tẹ 5 + 5, ó rí 10. Mo ní kó tẹ "5" + "5". Ó rí 55. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà. Nọ́ńbà ni ti àkọ́kọ́, ìṣirò ni wọ́n fi ṣe. Àwòrán lẹ́tà ni ti èkejì, wọ́n kàn tò wọ́n tira wọn ni. Èyí náà ló dé tí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ sínú àmì àyọlò lórí Google, tó fi ń wá gbólóhùn náà bẹ́ẹ̀ gan-an, dípò kó máa méfò ohun tó wà lọ́kàn yín.

Ti àwọn onímọ̀ ìrònú kò pẹ́: "òjò ń rọ̀" jẹ́ "literal", "òjò ò rọ̀" náà sì jẹ́ ẹ, "òjò ń rọ̀ àti pé mọ́tò ò sí" kì í ṣe é, nítorí wọ́n ti so méjì pọ̀. Gbólóhùn alásopọ̀ ni orogún níbẹ̀.

Ó wá ku ìṣirò. Nínú 5x, nọ́ńbà ni 5, lẹ́tà ni x. Lẹ́tà tó dúró fún nọ́ńbà ni àwọn oníṣirò ń pè ní "literal", nọ́ńbà sì ni orogún ẹ̀. Àwọn ló sún mọ́ ilé jù nínú gbogbo wọn, nítorí lẹ́tà ni wọ́n ń sọ, bí àwọn ará Látìnì ṣe sọ ọ́. Oníkọ̀ǹpútà ló yí i po: x ni orúkọ lọ́dọ̀ tiẹ̀, 5 ni "literal".

Ọmọ náà mú bírò, ó kọ "orogún" sí etí ojú ewé nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì kọ orúkọ orogún kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ẹ̀. Lójú ewé ìṣirò, ó kọ "nọ́ńbà". Ó dúró díẹ̀, ó fi àmì àyọlò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó ní kí tíṣà má lọ rò pé òun fẹ́ kó lọ ṣí àpótí.